Nítorí Súwíìṣì Ayùn Tí Ẹ Ní Kí N Wá So Tààrà

Atíkorí, Ìjẹ̀bú-Igbó,
Ọjọ́rú, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán.

Bọ̀dá mi Gbọ́láhàn, ọkọ Àǹtí Ṣadé,

Ẹ kú ilé tuntun, ẹ kú ìsọ̀ tuntun. Èmi Dọ̀tun àbúrò yín tí mò ń kọ̀wé yìí ti fi ayùn la pákó tó pọ̀ débi pé, bí a bá tẹ́ wọn sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n á bo títì láti Ìjẹ̀bú-Igbó níbí títí dé Makun-Omi lọ́dọ̀ yín lọ́hùn-ún, èyí tó bá ṣẹ́kù á sì wọ inú omi lọ di afárá. Àwọn igi tó ṣì dúró nínú igbó Mamu, bí wọ́n bá gbọ́ ohùn mi, ńṣe ni wọ́n ń dùbúlẹ̀ fúnra wọn. Síbẹ̀ ìka mi mẹ́wàá pé bí wọ́n ṣe pé lọ́jọ́ tí Màmí bí mi, kò sì sí ẹnì kan láyé yìí tí iṣẹ́ ọwọ́ mi ṣe ní jàǹbá rí. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn bí ẹ bá ń ka ìyókù, kí ẹ lè mọ̀ pé ẹni tó mọ nǹkan ló ń bá yín sọ̀rọ̀.

Mo gbọ́ ohùn tí ẹ fi ránṣẹ́ sórí fóònù mi. Ẹ ní ayùn orí tábìlì tí ẹ rà ti dé, ẹ ti gbé e kalẹ̀, àga àti tábìlì ilé ẹ̀kọ́ tí Àǹtí Ṣadé ti ń ṣe tíṣà sì ni iṣẹ́ àkọ́kọ́ tó wọlé. Ẹ ní ohun kan ṣoṣo ló ń dà yín láàmú: gbogbo ìgbà tí jẹnẹrétọ̀ bá ti wúkọ́, súwíìṣì ayùn náà á kú, ẹ ó tún lọ tẹ̀ ẹ́. Ẹ wá sọ pé, "Dọ̀tun, ìwọ lo mọ wáyà. Wá ní Sátidé, kí o bá mi so ó tààrà, kí n rí iṣẹ́ ṣe." Ẹ fi kún un pé ìbòrí tó wà lórí bíléèdì ń dí yín lójú, pé ẹ ti rí ẹni tí ẹ máa tà á fún.

Ọjọ́ mẹ́ta ni mi ò fi dá yín lóhùn. Ẹ rò pé owó ọkọ̀ ni mò ń dọ́gbọ́n wá. Ká ní ọ̀rọ̀ mìíràn ni, owó ọkọ̀ ni ì bá jẹ́ lóòótọ́. Àmọ́ mo jẹ́ kí Màmí gbọ́ ohùn yín. Ẹ rántí pé nígbà tí ẹ wọ yunifásítì ní Àgọ́-Ìwòyè, Bàbá wa, kí Ọlọ́run dẹlẹ̀ fún wọn, jókòó kọ lẹ́tà ojú ewé mẹ́jọ sí yín, bí ẹni pé òkè òkun lẹ ń lọ. Ẹ ṣì tọ́jú rẹ̀ sínú Bíbélì yín, mo ti jí i kà. Màmí ní bí Bàbá bá wà, wọn ì bá kọ òmíràn lórí ọ̀rọ̀ ayùn yìí. Mo ní kí wọ́n sọ ohun tí wọ́n fẹ́, kí n bá wọn kọ ọ́. Wọ́n wò mí láti òkè délẹ̀.

"Kí ni mo mọ̀ nípa ayùn? Ìwọ ló mọ̀ ọ́n. Jókòó síbi tí bàbá rẹ máa ń jókòó sí, kí o kọ ọ́ bí òbí ṣe ń kọ̀wé sọ́mọ."

Nítorí náà, àga Bàbá ni mo yá. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n pè yín ní ọmọ mi lẹ́ẹ̀kan péré, kí ọkàn mi lè balẹ̀: Gbọ́láhàn, ọmọ mi àtàtà, jókòó kí o gbọ́. Ó ti tó. Mo ti padà sí àyè mi, mo sì dọ̀bálẹ̀. Ẹ má sọ fún Àǹtí Ṣadé.

Èkíní ni ọ̀rọ̀ ìbòrí bíléèdì tí ẹ fẹ́ tà. Ẹ mọ Ọ̀gá Délé, káfíńtà tí mo ti ń kọ́ṣẹ́ láti ìgbà tí mo jáde girama. Àwọn ló ṣe àga tí ẹ jókòó sí lọ́jọ́ ìgbéyàwó yín. Ní ìsọ̀ wa, fìlà la máa ń pe ìbòrí yẹn. Bí ayùn tuntun bá dé ní agbègbè yìí, ohun àkọ́kọ́ tí àwọn káfíńtà máa ń ṣe ni pé wọ́n á ṣí i ní fìlà, wọ́n á gbé e kọ́ ara ògiri bí agbárí ẹran tí ọdẹ pa. Wọ́n ní ayùn tó bá dé fìlà kì í ríran. Ti Bàbá Ràmọ́, tó wà ní òdìkejì títì sí wa, inú tiẹ̀ ni adìyẹ ti ń jẹun.

Ọ̀gá Délé náà ì bá yọ ti wọn. Àmọ́ ẹ mọ̀ wọ́n, aládùúrà tòótọ́ ni wọ́n, wọn kì í lo nǹkan tuntun tí a kò tíì gbàdúrà sí. A gbé ayùn náà sẹ́yìn kẹ̀kẹ́ márúwá, a gbé e lọ sí ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì. Ìyá Wòlíì tan àbẹ́là mẹ́ta sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n gbàdúrà títí ayùn fúnra rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe àmín. Nígbà tí wọ́n parí, wọ́n fi ìka kan ìbòrí náà.

"Ṣé báyìí ni wọ́n ṣe tà á fún ọ?"

Ọ̀gá ní bẹ́ẹ̀ ni, àmọ́ bí àwọn bá ti délé, àwọn máa yọ ìyẹn kúrò.

"Èyí tí mo rí ni mo gbàdúrà sí," Ìyá Wòlíì wí. "Èyí tí o bá yọ nǹkan kúrò lára rẹ̀, èmi ò mọ̀ ọ́n o. Lọ wá ẹlòmíràn tó máa gbàdúrà sí ìyẹn."

Gbogbo ọgbà rẹ́rìn-ín, Ọ̀gá nìkan ni kò rín. Fìlà kò kúrò lórí ayùn wa láti ọjọ́ náà, ìsọ̀ wa nìkan ló sì rí bẹ́ẹ̀ ní gbogbo àdúgbò. Àwọn káfíńtà tó kù fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ tó. Ẹlẹ́hàá ni wọ́n ń pe ayùn wa. Bàbá Ràmọ́ á jókòó lọ́hùn-ún, á pariwo wá sí ìsọ̀ wa pé, "Délé, ìyàwó ẹ ẹlẹ́hàá ńkọ́? Ṣé ó ti jẹun?"

Mi ò ní parọ́ fún yín lórí èyí: fìlà ń gba nǹkan lọ́wọ́ ẹni. Iyẹ̀ pákó máa ń dí i, ènìyàn á máa nù ún. Bí igi bá tín-ín-rín jù, ó di dandan kí ẹ gbé e sókè díẹ̀. Lójúmọ́, ìdádúró tó ń fà tó àkókò tí ènìyàn fi ń rẹ gàrí kan mu, kí ó sì wá epa sí i. Ohun tó ń gbà nìyẹn. Ohun tó fún mi ni èyí: lọ́jọ́ kan, mo ń la pákó àlòkù tí wọ́n tú lára òrùlé, ìṣó kan tí n kò rí wà nínú rẹ̀. Eyín bíléèdì kan ṣẹ́, ó fò, ó ta lu fìlà, ó tẹ ojú ibẹ̀ wọnú bí ẹni fi òòlù lù ú. Ojú mi ló wà lókè ibẹ̀. Ojú yìí, tí àwọn ọmọbìnrin yunifásítì ń tìtorí ẹ̀ sọ̀kalẹ̀ lórí ọ̀kadà kí wọ́n tó débi tí wọ́n ń lọ. Ẹ má tà á, Bọ̀dá mi. Ẹni tó fẹ́ rà á lọ́wọ́ yín, ẹ bi í léèrè ohun tó fẹ́ fi ṣe. Bóyá òun náà ládìyẹ.

Èkejì, irin pẹlẹbẹ tó dúró lẹ́yìn bíléèdì, tí ẹ lè má tíì kíyè sí. Ìrù la ń pè é. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó máa ya pákó tí a ti là sọ́tọ̀, kí ó má baà padà fún bíléèdì lọ́rùn. Igi tí ẹ máa rí ní Makun-Omi, ọ̀pọ̀ rẹ̀ á ṣì tutù, igi tútù ló sì máa ń pa ẹnu pọ̀ jù. Mo yọ ìrù nígbà kan nítorí pé mo fẹ́ gé ihò kan láàárín pákó. Mo parí ìyẹn tán, ó yẹ kí n dá a padà, mo ní ó di ọ̀la. Pákó tí mo là tẹ̀lé e fún bíléèdì mọ́ra, bíléèdì bínú, ó sì jù ú padà. Pákó náà gba ẹ̀gbẹ́ ìhà mi kọjá, ó fo títì, ó fo ilé mẹ́ta, ó lọ da ìkòkò ìkọ́kọrẹ́ Ìyá Bíọ́lá nù. Ó dáa, kò fo ilé kankan. Ẹnu ọ̀nà wa ló gbà jáde, Ìyá Bíọ́lá tó ń ta oúnjẹ níbẹ̀ ló gba ìyókù. Ìkọ́kọrẹ́ náà dànù lóòótọ́, àárọ̀ ọjọ́ mẹ́fà ni mo sì fi bá wọn gún ata. Ká ní mo dúró ní ìwọ̀n ìgbésẹ̀ kan sí ọ̀tún ni, ìfun mi ni ì bá dànù. Láti ìgbà náà, n kì í dúró sí iwájú bíléèdì gan-an mọ́. Ẹ̀gbẹ́ ni mo máa ń wà. Kí ẹ̀yin náà máa ṣe bẹ́ẹ̀.

Igi tí a fi ń ti pákó kò náni ní kọ́bọ̀. Ẹ fi èékù pákó gbẹ́ méjì kí ẹ fi okùn so wọ́n mọ́ ẹsẹ̀ tábìlì. Mo gbẹ́ tèmi ní ìrísí ẹja, mo fi ojú sí i. Ó ti jẹ eyín bíléèdì lẹ́ẹ̀mẹrin, kò sì tíì sunkún.

Ẹ ó ti rí ayùn kan lórí fóònù yín, èyí tó máa ń dúró gbọnin bí ẹran ara bá kàn án. Òyìnbó kan mú sọ́séèjì, ó tì í sí bíléèdì, sọ́séèjì náà kò ju kí ó họ díẹ̀ lọ. Mo wo fídíò yẹn tán, mo dá ara mi lójú pé tiwa náà gbọ́n tó bẹ́ẹ̀. Mo ra pọ̀nmọ́ lọ́wọ́ Ìyá Bíọ́lá, mo pe àwọn ọmọ iṣẹ́ méjì tó kù jọ, mo ní kí wọ́n wá wo iṣẹ́ ìyanu. Bíléèdì gé pọ̀nmọ́ náà bí ẹni gé bọ́tà, ìdajì rẹ̀ fò, ó sì lọ lẹ̀ mọ́ àyà aṣọ funfun oníbàárà kan tó ń wọlé bọ̀. Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ ni pé kí ènìyàn mọ ohun tí ayùn rẹ̀ ní, kí ó sì mọ ohun tí kò ní. Mo bèèrè nípa ayùn òyìnbó yẹn lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta irinṣẹ́. Owó ẹyọ kan rẹ̀ á ra ayùn bíi tiyín lọ́pọ̀. Irin tó ń gbá bíléèdì mú, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló ń ṣiṣẹ́, ẹ ó lọ ra òmíràn. Igi tó tutù jù sì lè tàn án jẹ, kí ó rò pé ọwọ́ yín ni. Fún ẹni tó ń la igi etí omi, mi ò ní kí ẹ rà á báyìí. Bí owó bá dé lọ́jọ́ iwájú tí igi yín sì ń gbẹ dáadáa, ìgbà yẹn kí a tún un sọ. Mo sọ èyí kí ẹ lè mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo nǹkan tó wọ́n ni mò ń tì yín sí.

Mo ti ṣi òǹkà. Ẹ jẹ́ kí n fi í sílẹ̀, torí ọ̀rọ̀ tó kàn ni ìdí tí mo fi mú bírò.

Súwíìṣì tí ẹ ń bínú sí yẹn kò bàjẹ́. Bí wọ́n ṣe ṣe é nìyẹn. Irin kékeré kan wà nínú rẹ̀ tí agbára iná ń dì mú. Bí iná bá lọ, tàbí tó rẹ̀wẹ̀sì, irin náà á já, ayùn á kú. Bí iná bá padà dé, ayùn kò ní dìde, àfi bí ènìyàn bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ tẹ bọ́tìnnì. Àwọn tó ṣe é kò mọ ìlú wa, àmọ́ ó dà bí ẹni pé wọ́n mọ iná wa. Ẹ ro ohun tí gbogbo wa máa ń ṣe bí iná bá lọ. Ta ló máa ń pa nǹkan? Fáànù, rédíò, gílóòbù, a ó fi wọ́n sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ kí wọ́n lè sọ fún wa nígbà tí iná bá dé. Kò sí ilé kan ní Atíkorí tí wọn kì í ti ṣe é. Fáànù tó ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ sí í yí kò lè pa ẹnikẹ́ni lára. Ayùn ńkọ́?

Ní ìgbà òjò tó kọjá, a gba iṣẹ́ bẹ́ẹ̀dì alájà méjì fún ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Àgọ́-Ìwòyè. Wọ́n fẹ́ wọlé, onílé sì ń pè wá lójoojúmọ́. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, iná ń rẹ̀wẹ̀sì ṣáá, súwíìṣì ń já ṣáá, gẹ́gẹ́ bí ẹ ṣe ń rí i lọ́dọ̀ yín. Ọ̀gá ti lọ sí Mamu láti wo pákó. Oníná kan tó ń kọjá lọ bá wa tú súwíìṣì náà, ó pa wáyà méjì inú rẹ̀ pọ̀, ó sì dé e padà. Láti òde, kò sí ojú tó lè mọ̀. Ara ògiri la ti ń tan ayùn, ibẹ̀ la ti ń pa á. Iṣẹ́ ń lọ geere, bí ẹ ṣe fẹ́ kí tiyín máa lọ.

Nígbà tí ó kù díẹ̀ kí ọ̀sán pọ́n, iná lọ pátápátá. Pákó kan há sí bíléèdì lẹ́nu. Kò sí ẹni tó pa súwíìṣì ara ògiri, nítorí gílóòbù tó máa sọ fún wa pé iná ti dé wà lórí rẹ̀. Gbogbo wa jáde. Mo wà ní ìsọ̀ onígbàjámọ̀ tó tẹ̀ lé wa, níbi tí a ti ń jà nítorí bọ́ọ̀lù. Ọ̀gá sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà, wọ́n wọlé, wọ́n rí pákó tó há. Wọ́n ṣí fìlà sókè kí wọ́n lè tú u. Wọ́n mọ̀ pé iná ti lọ. Wọ́n sì mọ̀ pé bí ó tilẹ̀ dé, ayùn wọn kò ní dìde, nítorí súwíìṣì tí àwọn san owó gidi lé lórí nìyẹn. Wọ́n fi ọwọ́ ọ̀tún sí i.

Iná dé. Ẹ mọ ariwo tí gbogbo àdúgbò máa ń pa bí iná bá dé, tọmọdé tàgbà. Inú ariwo ayọ̀ yẹn la ti gbọ́ ọ̀kan tó yàtọ̀.

Àtàǹpàkò àti ìka tó tẹ̀ lé e ló lọ. Mọ́tò akóẹrù kan ló gbé wa dé ilé ìwòsàn ní Ìjẹ̀bú-Òde, aṣọ iṣẹ́ mi ni wọ́n fi di ọwọ́ náà. Wọ́n rán èyí tó ṣeé rán.

Bọ̀dá mi, ẹ sọ nínú ohùn yín pé owó tí ẹ fi ra ayùn yìí ju owó ayùn ìhòòhò, èyí tí kò ní fìlà tí kò sì ní irú súwíìṣì yẹn, tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lọ, pé ó ń dùn yín. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ìhòòhò ń náni. Ọ̀gá Délé kò lè mú òòlù, ìyẹn ẹ ti mọ̀. Èyí tí ẹ kò mọ̀ ni pé ọwọ́ òsì ni wọ́n fi ń ṣe ohun gbogbo báyìí, ní ìlú tí ọmọ ọdún mẹ́ta ti mọ̀ pé a kì í fi ọwọ́ òsì fún àgbà ní nǹkan. Bí wọ́n bá fẹ́ na owó sí ìyá arúgbó tó ń ta epo, wọ́n á kọ́kọ́ ní, "Ẹ má bínú, ọwọ́ òsì ni." Bí wọ́n bá fẹ́ gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ onílé, "Ẹ má bínú, ọwọ́ òsì ni." Mo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, mo ń gbọ́ ọ. Ọkùnrin tí kò ṣẹ ẹnikẹ́ni ń bẹ gbogbo ayé lójoojúmọ́. Ọ̀tún wẹ òsì, òsì wẹ ọ̀tún, ni ọwọ́ fi ń mọ́. Ìyàwó wọn ló ń bá wọn wẹ òsì yẹn kí wọ́n tó jẹun.

Bàbá Ràmọ́ wá kí wọn lọ́jọ́ tí wọ́n dé láti ilé ìwòsàn. Kò bèèrè ẹlẹ́hàá. Ó jókòó, ó wo ilẹ̀, ó lọ. Lọ́jọ́ kejì, mo rí i tí ó ń fọ fìlà ayùn rẹ̀ pẹ̀lú ọṣẹ, àwọn adìyẹ dúró yí i ká.

Ọ̀gá bèèrè lọ́wọ́ wa ẹni tó so wáyà. A sọ fún wọn pé oníná kan tó ń kọjá ni, pé a kò mọ orúkọ rẹ̀. Wọ́n wá ọkùnrin náà káàkiri Òkè-Ṣópẹ́n dé Òjòwó. Mo rò pé wọ́n fẹ́ mú un lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Lọ́jọ́ kan tí a jọ ń jẹ ẹ̀wà, mo bi wọ́n ní ohun tí wọ́n máa ṣe bí wọ́n bá rí i. Wọ́n fi ọwọ́ òsì gbé ṣíbí sílẹ̀.

"Mi ò ní bá a jà. Ìka mi ò lè padà wá. Mo kàn fẹ́ kó mọ̀ ni, kó má baà lọ ṣe é fún ẹlòmíràn."

Báyìí, èmi ni mò ń di ohun gbogbo mú ní ìsọ̀. Èmi ń gé, èmi ń kàn án. Ọ̀gá máa ń sọ fún àwọn oníbàárà pé, "Dọ̀tun ni ọwọ́ ọ̀tún mi." Àwọn oníbàárà á rẹ́rìn-ín. Èmi náà á rẹ́rìn-ín.

Ohun tí ẹ máa ṣe sí tiyín rèé. Jẹnẹrétọ̀ yín kéré, fìríìjì Àǹtí Ṣadé sì wà lórí rẹ̀. Ẹ yọ fìríìjì náà nígbà tí ẹ bá ń la igi. Ẹja ò ní bàjẹ́ láàárín wákàtí méjì. Bí ó bá ṣì ń já, ẹ pe ẹni tó mọ jẹnẹrétọ̀ kó wá wò ó, ohun tó ń wúkọ́ ni kí a tọ́jú. A kì í gé imú ẹni nítorí ó ń gbọ́ òórùn. Ẹ má sì tọwọ́ bọ ayùn láé nítorí pé iná ti lọ. Ẹ fa wáyà rẹ̀ yọ lára ògiri, kí ẹ gbé orí rẹ̀ síbi tí ojú yín ti lè rí i, kí ọwọ́ yín tó sún mọ́ bíléèdì. Bí ẹ bá gba ọmọ iṣẹ́, èyí ni kí ẹ kọ́kọ́ kọ́ ọ, kí ẹ tó kọ́ ọ ní bí wọ́n ṣe ń kan ìṣó.

Mo ka lẹ́tà yìí sí etí Màmí títí dé ibí. Wọ́n ní kí n fi èyí kún un ní orúkọ àwọn: "Sọ fún Gbọ́láhàn pé mo ka ìka rẹ̀ lọ́jọ́ tí mo bí i, ó pé mẹ́wàá. Mi ò fẹ́ tún un kà." Wọ́n lọ sí ìpàdé àwọn obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì lẹ́yìn ìyẹn. Wọn kò gbọ́ èyí tó kù.

Bọ̀dá mi, nínú lẹ́tà tí Bàbá kọ sí yín, wọ́n jẹ́wọ́ àṣìṣe wọn kí wọ́n tó parí, títí kan ti owó ẹ̀kọ́ tí wọ́n fi ra bàtà nígbà èwe wọn. N kò lè jókòó sí àga wọn kí n fo ìyẹn. Irọ́ wà nínú ohun tí mo fi bẹ̀rẹ̀. Pákó tí mo ti là kò lè dé òpin àdúgbò wa, ká má tíì sọ Makun-Omi. Àwọn igi Mamu kò mọ̀ mí rí. Ẹ ó ti mọ ìyẹn. Ọ̀rọ̀ ìka mẹ́wàá, òótọ́ ni, wọ́n pé, ẹ ó kà á bí mo bá dé, ìyẹn gan-an ló sì ń dùn mí. Irọ́ tó burú jù níbẹ̀ ni pé iṣẹ́ ọwọ́ mi kò ṣe ẹnì kankan ní jàǹbá rí.

Kò sí oníná tó kọjá níwájú ìsọ̀ wa láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Èmi ni mo tú súwíìṣì. Èmi ni mo pa wáyà méjì pọ̀, tí mo sì dé e padà kí ó má hàn. Mo fẹ́ kí iṣẹ́ tètè parí kí n lè lọ wo bọ́ọ̀lù, mo sì rò pé n ó ti tún un ṣe kí Ọ̀gá tó ti Mamu dé. Àwọn ọmọ iṣẹ́ méjì tó kù mọ̀, mo ní kí wọ́n pa ẹnu mọ́. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ ń bá a. Ohùn yín lórí fóònù ni ọjọ́ náà. Ìgbà tí mo gbọ́ "ìwọ lo mọ wáyà", ńṣe ni mo jókòó sílẹ̀.

N ó wá ní Sátidé. Èmi àti ẹ̀yin la máa jọ tọ́jú jẹnẹrétọ̀, n ó sì gbẹ́ igi ìtipákó kan fún yín ní ìrísí ẹja. Súwíìṣì yẹn, n kò ní fọwọ́ kàn án.

Mò ń gbé lẹ́tà yìí fún dírẹ́bà ní gárééjì nísinsìnyí. Láti ibẹ̀, ọ̀dọ̀ Ọ̀gá Délé ni mò ń lọ. Bóyá wọ́n á lé mi, bóyá wọ́n á pe ọlọ́pàá, mi ò mọ̀. Wọ́n ní àwọn kàn fẹ́ kí oníná yẹn mọ̀ ni, kó má baà lọ ṣe é fún ẹlòmíràn. Mo fẹ́ lọ sọ fún wọn pé ó ti mọ̀. Pé ẹnì kan ní Makun-Omi bẹ̀ ẹ́ kó wá ṣe é, ó sì kọ̀.

Àbúrò yín,
Dọ̀tun.